Wọn Ò Pe Alhaji sí Àáró Mọ́

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti Mẹ́kà dé ni wọn kò ti pè é sí àáró mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa ta ilẹ̀ tí a ń jẹ.

Mùjíbátù lorúkọ mi, Ìyá Roheem ni wọ́n sì ń pè mí ní abà Alágbọn, lẹ́yìn Akínyẹlé. Gàrí ni mò ń ṣe, Ṣáṣá ni mo sì ń kó o lọ tà. Ẹnu mi mú díẹ̀, èmi náà mọ̀. Ti ọkọ mi Sàníù yàtọ̀. Bí inú bá ń bí i, ṣe ló máa ń dákẹ́, yóò kọjú sí ògiri bí ẹni pé ògiri ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì bá mi wí pé mò ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú ni. Lójú rẹ̀, mi ò jẹ́ dán an wò.

Ọkùnrin mẹ́fà ló wà nínú àáró wọn láti ìgbà èwe. Bí wọ́n bá ṣe oko Kàmọ́rù lónìí, oko Ọlọ́runṣògo ló kàn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹni tó loko ni yóò pèsè oúnjẹ, iye ebè tí o bá sì kọ fún mi ni èmi náà yóò kọ fún ọ. Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ lóko ẹlòmíràn kò lè ní kí ẹlòmíràn wá bẹ̀rẹ̀ lóko òun. Òfin wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kàmọ́rù ni olórí wọn, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ tí ọkọ mi fẹ́ràn jù láyé. Bí iṣẹ́ bá ku ọ̀la, yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Kì í wọlé. Ìta ni yóò dúró sí, yóò fi ìdí ẹ̀rúkọ́ gbá ilẹ̀, yóò sì fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ pe ẹni tó wá pè. Gbogbo wọn ló ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Ajẹ̀bàtutù ni ti ọkọ mi, nítorí pé ẹ̀bà àná ló fi ń jí láti kékeré, kò sì tíì jáwọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni Roheem, àkọ́bí wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, rán bàbá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó dé, gbogbo abà ló jáde wá kí i. Kàmọ́rù ló gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń kọ ebè, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá fi ẹ̀rúkọ́ gbá ilẹ̀ níwájú ilé wa.

Ọkọ mi kọ́kọ́ ní wọ́n gbàgbé ni. Àmọ́ ní ọjọ́ kan, àwọn márààrún gba iwájú ilé wa kọjá pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tẹríba, wọ́n ní, "Alhaji, ẹ kú ilé o," wọ́n bá tiwọn lọ. Bó bá dé abẹ́ igi kajú tí àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn á dìde, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín á sì tán lẹ́nu wọn. Ní mọ́sálásí, Kàmọ́rù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ọkọ mi ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú, ó ń rò ó, ó ń tún un rò. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ń jowú òun. Kò lọ sábẹ́ kajú mọ́. Jálábíà funfun ló ń wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, iwájú ilé ló sì ń jókòó sí, tó ń ka tẹ̀sùbáà.

Oko rẹ̀ di igbó. Ó gbìyànjú láti dá a ṣe, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó wá alágbàṣe, àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá ṣe é ti gun ọ̀kadà lọ sí ìgboro. Bí òjò ọdún yìí ṣe ń ṣú ni ajẹ́ńtì kan dé láti Ìbàdàn, ó ní àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà láti fi kọ́lé. Ọkọ mi kò bi mí. Ó kàn sọ lórí oúnjẹ pé òun yóò tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí àwa méjèèjì sì kó lọ bá Roheem ní Àbújá.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Àbújá?" ni mo bi í.

"Wàá sinmi."

"Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi," ló wí, ló bá kọjú sí ògiri.

Mo sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́ báyẹn ti pinnu. Ilẹ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ ti wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kaothar, àbíkẹ́yìn wa, dé láti yunifásítì. Ìmọ̀ nípa àwùjọ ló ń kọ́, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì dá lórí ìdí tí àáró fi ń parẹ́ ní àwọn abà agbègbè wa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó kúrò lára ògiri, ó jókòó dáadáa.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlara ló pa á," ló wí.

"Bàbá mi, a kì í kọ ọ́ báyẹn. A gbọ́dọ̀ rí tíọ́rì tó máa gbè é lẹ́yìn."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Àlàyé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe nípa ohun tó ń mú kí ìgbé ayé àwọn èèyàn yí padà ni. Ó pọ̀. Àwọn kan ní àwùjọ dà bí ara èèyàn, kálukú ẹ̀yà ara ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí padà, àwọn yòókù á tún ara wọn tò kí wọ́n lè bá a mu. Àáró wúlò nígbà tí kò sí oògùn apakóríko, tí kò sí katakata, tí gbogbo ọmọ wà nílé. Ní báyìí, nǹkan mìíràn ti gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, ìyẹn ló fi ń parẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe yín níbi, bàbá mi."

Mo rí i pé ọmọ náà fẹ́ fi í tu bàbá rẹ̀ nínú. Ó wu èmi náà kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàníù mi orí.

"Àáró wọn ò parẹ́, Kaothar. Àwọn márùn-ún yòókù ṣì ń ṣe tiwọn. Lánàá, wọ́n wà lóko Ọlọ́runṣògo, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ibí. Àbí oògùn apakóríko ló ní kí Kàmọ́rù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mọ́sálásí?"

Kaothar wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní tíọ́rì mìíràn wà. Ì bá dára ká ní mo ti ní kó dákẹ́ síbẹ̀.

Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn gbà pé ayé kò dà bí ara, pé ìjàkadì ló jẹ́ láàárín ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Bí ẹnìkan bá gòkè láàárín ẹgbẹ́, ohun tó so wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí ohun tó dára fún ẹnìkan kì í dára fún ẹnìkejì mọ́. Inú ìjàkadì yẹn ni ìyípadà ti ń wá.

Ọkọ mi fi ọwọ́ gbá itan. "Ọlọ́run ló rán àwọn yẹn níṣẹ́," ló wí.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé omi fún un, ó ní ìjàkadì ni ayé. Fúlàní tó ń kọjá lọ pẹ̀lú màlúù dúró kí i, ó ṣe àlàyé ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní fún un, ọkùnrin náà kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo màlúù rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe ajẹ́ńtì lórí fóònù pé kó má ṣe yẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ìwé ti fi hàn pé òun kò ṣìnà.

Mo bá Kaothar lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń sunkún. Mi ò lẹ́mìí àtirẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Mo rán ọ lọ síléèwé, o gba ibẹ̀ bọ̀ wá lé mi kúrò nílé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu mi tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Kaothar jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, tíọ́rì ku ọ̀kan."

"Èwo ni? Àbí èyí tí wọ́n á fi sun ilé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Àwọn kan ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ṣe ló ń mú inú dùn tàbí kó bà jẹ́. Ìtumọ̀ tí ẹni tó rí i bá fún un ni. Bí mo bá dìde nígbà tí ẹ wọlé, ẹ lè ní mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ sì lè ní mò ń sá fún yín. Ìdìde kan náà ni. Bí ìtumọ̀ bá ti yàtọ̀ láàárín èèyàn méjì, ohun tó wà láàárín wọn á yí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jà."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Mo rántí abẹ́ kajú.

"Ta ló ti bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dìde?" ni mo wí.

A wo ara wa. Láti ọdún tó kọjá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọkọ mi kò bi wọ́n nítorí pé inú ń bí i, èmi kò bi wọ́n nítorí pé ọkọ mi ní ìlara ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, èyí tí a sì fi ń pa á lówe gan-an nìyí. Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo fọwọ́, mo ní kó dìde ká lọ.

Kàmọ́rù wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń ki ọkọ́ bọ ẹ̀rúkọ́ tuntun. Ó kí wa, ó ní ká jókòó. Mi ò jókòó.

"Bàbá Zubaidah," ni mo wí, "kí ni ọkọ mi fi ṣe yín? Bí ó bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ń jowú Mẹ́kà tó lọ, ẹ sọ ìyẹn náà, kí n mọ̀ kí n tó kó ẹrù mi. Lọ́jọ́ Sátidé ló máa ta ilẹ̀."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ wo la tún ní?"

"Ìlara," ló wí, ó tún un wí, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ àjèjì wò. "Èmi jowú Sàníù. Ìyá Roheem, ẹni tó ti yí ilé Ọlọ́run ká, ṣé èmi ni máa wá dúró níta ilé rẹ̀ tí mo máa pè é ní Ajẹ̀bàtutù? Tí mo máa ní kó wá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹrẹ̀ lóko mi?"

Mo bá a mú ọkọ́ tó bọ́ nílẹ̀.

"Ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ni a ṣe," ló ń bá a lọ. "Ẹni tó bá joyè nínú ẹgbẹ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú àáró. Ọlá ni. Wọn ò ní gbé ọkọ́ lé olóyè lọ́wọ́. Àwa náà jókòó, a ní Alhaji kò kéré sí olóyè. Ọlọ́runṣògo tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ó ní ní ìjọ Kérúbù tiwọn, bí wọ́n bá ti fi òróró yan èèyàn, iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í fi lọ̀ ọ́ mọ́."

"Àti ìdìde abẹ́ kajú?"

"Ẹ̀yin ò ní dìde fún Alhaji ni? Ẹ̀fẹ̀ tí a sì ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀. Ṣé ó dáa létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé? Ní mọ́sálásí, ìlà iwájú ti fún, mo ní kí n fún un láyè." Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. "Nígbà tí kò wá sábẹ́ kajú mọ́, a ní ó ti di ẹni ńlá, àwa ò tó bá a jókòó. A ò bínú. Ó kàn ń dùn wá ni. Ó ń dun èmi gan-an."

Kaothar ti jókòó sórí àpótí. Ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, àwọn olóyè ayé ìgbà yẹn tí ẹ yọ nínú àáró, ta ló ń bá wọn roko?"

"Ṣé wọ́n wá èèyàn tì ni? Ọmọ ń bẹ, ìyàwó ń bẹ, àbúrò ń bẹ. Ilé olóyè a máa kún."

"Ilé tiwa ńkọ́, bàbá?"

Kàmọ́rù wo èmi, ó wo Kaothar. Roheem wà ní Àbújá. Kaothar wà níléèwé. Ó mọ iye ẹni tó kù nílé wa gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ọlá yẹn ò tíì yí padà," ni Kaothar rọra wí. "Ilé tí ẹ ń gbé e fún ló ti yí padà."

"Lóòótọ́ ni," ni Kàmọ́rù wí. "A fi ọlá lé e sínú igbó."

Mo wá jókòó. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, omijé ló kọ́kọ́ jáde, kí ẹ̀rín tó bá a. Ara tù mí. Wọn ò kórìíra ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi tí wọ́n fi lé e jáde.

Mo ní kí n sáré lọ sọ fún un, Kàmọ́rù dá mi dúró. "Ẹ má sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, ó máa rò pé ẹ lọ bẹ̀ wá ni. Kí n kọ́kọ́ bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ná."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ mí á mọ ìyà tó jẹ mí láti ìgbà náà di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọkọ mi lọ kí Jímọ̀, ó dé. Ó yọ àwọn ìwé ilẹ̀ nínú àpótí, ó gbé wọn sórí àga. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé bóyá àwọn yòókù kò gbà.

Wọ́n ti kírun Asri tán, ó ti jókòó síwájú ilé nínú jálábíà rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ẹ̀rúkọ́ ń gbá ilẹ̀.

Mo yọjú. Kàmọ́rù dúró síta, kò wọlé, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ń wò ó.

"Ajẹ̀bàtutù," ni Kàmọ́rù wí, "oko mi lọ́la."

Ọwọ́ ọkọ mi dúró lórí tẹ̀sùbáà. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má kọjú sí ògiri.

"Mo ti di Alhaji," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé àpótí ẹ. A rò pé bí o bá ti dé Mẹ́kà, ẹ̀yìn ẹ ti kúrò ní bíbẹ̀rẹ̀. A fẹ́ fi bọlá fún ọ ni. A ò mọ̀ pé a ti fi ọ́ sílẹ̀ níwọ nìkan. Má bínú, Sàníù."

"Èmi rò pé ẹ ti lé mi ni."

"Ta ló máa lé ọ? Ta ló tún lè kọ ebè wíwọ́ tó bí tìẹ?"

Ọkọ mi fi etí jálábíà nu ojú. Ó ní eruku ni. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí eruku níbì kankan.

"Ọkọ́ mi ti dógùn-ún," ló wí.

"Mo mú fáìlì wá." Kàmọ́rù yọ ọ́ lápò. "Oko mi lọ́la. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, oko tìẹ."

Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń pọ́n ọkọ́, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kò ṣe é kọ sínú ìwé. Kaothar ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́, mo ní kò gbọdọ̀.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọkọ mi jẹ ẹ̀bà àná, ó wọ ṣòkòtò oko. Ó dá àwọn ìwé ilẹ̀ padà sínú àpótí fúnra rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí mi.

"Bí ọkùnrin yẹn bá dé, o mọ ohun tí wàá sọ fún un. Ẹnu ẹ mú."

Ajẹ́ńtì dé nígbà tí oòrùn ti mú, ó wọ bàtà dídán. Ó ní Alhaji ló ní kí òun wá. Mi ò bá a jiyàn, mo mú un lọ sí etí oko Kàmọ́rù. Ọkùnrin mẹ́fà wà níbẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹrẹ̀ ti mù wọ́n dé orúnkún.

"Ìyá, èwo ni Alhaji nínú wọn?"

Èmi náà wò wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ni Ọlọ́runṣògo kígbe pé kí wọ́n wá wo ebè Ajẹ̀bàtutù bó ṣe wọ́ bí ọ̀nà ejò, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn yẹn sì nà ró, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó kọjá, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi.

"Ẹ máa lọ sílé, ọmọ mi," ni mo wí fún ajẹ́ńtì. "A ò ta ilẹ̀ yẹn mọ́. Orí ẹ̀ ni àáró kàn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀."